Àpótí Tí Kò Sí ní Ẹsẹ̀dò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bá mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ amọ̀nà, ẹ jókòó dáadáa. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ènìyàn tí ó ju ogún lọ, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tán rí. Bí mo bá ti dé ìdajì, ẹnì kan á ní, "Bàbá Kòfí, àpótí àwọn ará Jámánì ńkọ́?" Ara mi á sì gbóná bí ẹni tí kòkòrò ta. Lónìí, èmi fúnra mi ni n óò sọ ti àpótí náà, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́ nígbà tí mo bá dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró, kí ó máa lọ.

Ẹsẹ̀dò ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Tógò, ní òdìkejì odò Mónò, bí ènìyàn bá ń ti Atakpamé lọ sí Elavagnon. Ìlú kékeré ni. Àwọn baba wa, tí wọ́n ní Ifẹ̀ ni àwọn ti wá, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí etí odò nítorí ogun. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa kì í ṣe ohun tí ń dán: èbúté olókúta kan tí ẹsẹ̀ àwọn apọnmi ti mú kí ó máa yọ̀, ògiri amọ̀ tí ó yí ìlú ká rí, tí apá méjì péré ṣẹ́kù nínú rẹ̀, agbo ilé mẹ́rìnlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti oríkì tirẹ̀, kòtò tí àwọn obìnrin ti ń wa amọ̀ ìkòkò, àti ibojì àwọn tí ó tẹ ìlú dó, lórí gẹ́gẹ́lé tí ó wà létí omi. Ìkòkò ńlá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dojú rẹ̀ dé orí ibojì kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò mọ́kànlá ni.

Ọmọdé ni mí nígbà tí Tógò gba òmìnira. Lẹ́yìn náà ni àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀: tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Atakpamé, òṣìṣẹ́ ìjọba láti Lomé, àwọn òyìnbó tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ, láti wo àwókù ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Jámánì fi ń ránṣẹ́ gba ojú òfuurufú kí ó tó fọ́ nígbà ogun ọdún 1914. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, wọ́n á yà sọ́dọ̀ wa. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àjẹkù ọjọ́ ti ń kan Ẹsẹ̀dò.

Ìyá Yáwá ni ó ń mú wọn yí ìlú ká nígbà náà. Amọ̀kòkò ni, àgbàlagbà obìnrin tí kò ga, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Orúnkún ń dùn ún, ó ń wá ẹni tí yóò kọ́ níṣẹ́. Kò sí ọmọbìnrin tí ó gbà, nítorí ẹnu náà. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwé, mo gbọ́ Faransé díẹ̀, mo sì gbọ́ Èwè. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ǹjẹ́ o lè dákẹ́?"

"Mo lè dákẹ́ dáadáa, Ìyá. Kódà ní ilé ìwé..."

"O ò lè dákẹ́. Máa bọ̀ lọ́la."

Bí ó ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ní ti owó, ẹ má bi mí. Oko ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Ọdún kan gbáko ni mo fi rìn lẹ́yìn rẹ̀ láì sọ ọ̀rọ̀ kan fún àlejò. Iṣẹ́ mi ni kí n gbé igbá omi pàdé wọn ní èbúté, nítorí ó ní ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní etí. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe ẹ̀sín. Wọ́n ní mo ti di ìyàwó amọ̀kòkò. Ní ọdún kejì, ó ní kí n máa sọ ìtàn ìlú fún òun bí ẹni pé òun ni àlejò. A ó bẹ̀rẹ̀ láti èbúté. Bí mo bá ṣi orúkọ agbo ilé kan pè, kò ní bá mi wí. Yóò kàn yí padà, yóò máa fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sí èbúté, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tí a padà sí èbúté lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Orúnkún tí ó ń dùn ún yẹn ni ó fi rìn ín! Inú bí mi títí omi fi jáde lójú mi. Ó dúró, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Sunkún tán. Agbo ilé kẹta, kí ni orúkọ rẹ̀?"

Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó gbà mí láyè láti sọ̀rọ̀. "Mo rí i." "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá." "N kò mọ̀." Kò sí ìkẹrin. Bí àlejò bá bi í pé ọdún mélòó ni ògiri yìí ti wà, á ní, "N kò mọ̀," á sì pa ẹnu dé. Ojú a máa tì mí. Ẹni tí ó ti Lomé wá, tí ó jẹ eruku lójú ọ̀nà, a ń sọ fún un pé a kò mọ̀! Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Kòfí, bí o kò bá sọ pé o kò mọ̀ rí, ta ni yóò gbà ọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí o bá ní o mọ̀?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni. Ọmọdé ń gbọ́n ni, kò tíì gbọ́n.

Mo ti ń dá mú àlejò kiri fún bí ọdún mẹ́ta nígbà tí mo ba ayé mi jẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan ni. Bọ́ọ̀sì kan kó ènìyàn méjìlá wá láti Kamina, a fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn sọdá. Irin tí ó ti dípẹtà àti kọnkéré ni wọ́n rí ní Kamina, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń sọ ṣáá. Mo fi ògiri hàn wọ́n, wọ́n ń yán. Mo ka orúkọ agbo ilé mẹ́rìnlá láì ṣì í, ẹnì kan ń wo aago. Ojú àlejò a máa tóbi, kì í fi í ríran. Nígbà tí a dé ibi ibojì, ọkùnrin kan tí ó wọ awò ojú gbé ẹsẹ̀ lé ìdí ìkòkò kan bí ẹni tí ó fẹ́ so okùn bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ìkòkò àti amọ̀ náà nìkan ni? Ṣé ohun gidi kan kò ṣẹlẹ̀ níbí rí ni?"

Inú bí mi. Ì bá ṣe pé mo gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ìkòkò, ì bá sàn. Ọ̀rọ̀ ni ó jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́lé yìí. Nígbà tí Kamina fọ́, àwọn ará Jámánì mẹ́ta sá gba ibí kọjá. Wọ́n gbé àpótí irin kan sọdá odò. Ó wúwo, wọn kò lè gbé e gun òkè. Abẹ́ ibi tí ẹ dúró sí yìí ni wọ́n rì í mọ́."

"Kí ni ó wà nínú rẹ̀?"

"Ta ni ó mọ̀? Ẹni tí ń sá fún ikú kò ní gbé àgbàdo sínú àpótí irin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n yọ kámẹ́rà. Àwọn tí ń yán ti la ojú. Obìnrin kan yọ ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́: ó dùn mọ́ mi. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Tèmi kò fọ́ o. Ó pa ọmọ.

Láàárín oṣù kan, Ìyá Yáwá ti gbọ́. Ó ń nu etí ìkòkò kan lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé, kò sì gbé ojú sókè.

"Àpótí wo ni wọ́n ń sọ yẹn? O rí i?"

"Rárá, Ìyá."

"Lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ?"

Mo fa ìkòkò kan mọ́ra, mo ń bá a nu ún.

"Lọ mú un padà."

"Ìyá, àwọn ènìyàn náà ti padà sí Lomé."

"Ṣé wọ́n ti dí ọ̀nà Lomé ni?"

Mo ní n óò lọ. N kò lọ. Òjò rọ̀, mo ní ọ̀nà kò dára. Àgbàdo gbó, mo ní kí n kó o wọlé ná. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé àlejò ti di ìlọ́po méjì, àpótí ni gbogbo wọn ń béèrè, n kò sì fẹ́ kí ó dópin. Ní ìgbà kejì tí mo sọ ọ́, àpótí ti di mẹ́ta. Ní ìgbà kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ará Jámánì náà ti ní egbò lẹ́sẹ̀, ó ń tiro. Ìyá Yáwá kò bá mi jà. Bí mo bá kí i, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ mi mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì ń parí lọ, ọkùnrin mẹ́ta dé láti Moretan pẹ̀lú ọkọ́ àti dígà. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Èyí tí ó ṣáájú wọn ń jẹ́ Kúàmí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú oko ni ó ti wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, apá ibo gan-an ni? Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin. N kò fẹ́ fi ọjọ́ púpọ̀ ṣòfò."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ibí yìí. Ó bi mí léèrè lójúkojú. Mo lè sọ fún un pé, "Ọ̀rẹ́, irọ́ ni, máa lọ sílé." Ọ̀rọ̀ márùn-ún, mẹ́fà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ojú wo ni n óò fi wò ó? Mo gbé ọwọ́ sókè, mo nawọ́ sí ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́lé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n wà á fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì ń wọ abẹ́ àwọn ibojì náà lọ. Àwọn àgbà lé wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n padà. Ní ọjọ́ karùn-ún, òjò àkọ́rọ̀ dé lówùúrọ̀. Ilẹ̀ tí ó ti gbẹ fún oṣù mẹ́rin mu omi, ó wú, gẹ́gẹ́lé náà sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjì fò jáde. Kúàmí kò jáde. Gbogbo ìlú fi ọkọ́ wà á, a fi ọwọ́ wà á, èékánná mi méjì ṣí. Nígbà tí a ó fi kàn án, ó ti tutù. Wọ́n gbé e padà sí Moretan ní ẹ̀yìn kámíọ̀n, ọkọ̀ ẹrù tí ń kó ẹ̀gẹ́.

Nínú ìkòkò mọ́kànlá, méje ti fọ́. Àwọn mìíràn yí gbirigbiri wọ inú odò, egungun àwọn baba wa sì wà lójú ẹrẹ̀. Ìyá Yáwá wá nínú òjò náà, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń ṣa àpáàdì jọ, ó ń fi ọ̀kan ti ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí.

Ó ní, "Èyí, mo rí i."

Nígbà tí àwọn àgbà pe ìpàdé, wọ́n bi mí léèrè ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àpótí. Mo ní mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn àgbà wo ara wọn. Olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì òun ni ó sọ ọ́. Bí irọ́ mi ṣe di ìtàn ìlú nìyẹn. Ìyá Yáwá jókòó níbẹ̀, kò tú mi fó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń dúró dè mí ni. Ọdún mẹ́ta ni ó fi dúró, ó sì kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín ni ẹnu mi tó là. Ẹ wò ó, ẹnu kan náà tí ó pa irọ́ tí gbogbo ayé gbà, nígbà tí ó sọ òtítọ́, kò sí ẹni tí ó gbà á. Mo lọ bá àwọn àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni mo hun ún. Wọ́n ní ìbẹ̀rù òkú Kúàmí ni ó mú mi. Mo sọ fún àlejò pé kò sí àpótí, wọ́n ṣẹ́jú sí ara wọn: "Bàbá ń pa á mọ́ fún ara rẹ̀." Wọ́n a máa pa á lówe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹni tí ó pa òwe yẹn kò dé Ẹsẹ̀dò! Irọ́ tèmi ti rìn ju ogójì ọdún lọ. Òtítọ́ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Gbogbo irinṣẹ́ tuntun tí ó ń dé, irọ́ náà ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. A kúrò lórí ọkọ̀ tí a ń fi ọ̀pá tì, a bọ́ sórí ẹlẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà wọ́n ṣe afárá. Àwọn àlejò tí wọ́n máa ń jókòó gbọ́ mi nínú ọkọ̀ ti ń fi mọ́tò kọjá, àfi kí wọ́n dúró níbi àpótí, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n máa lọ. Ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ gbé pátákó ńlá wá, wọ́n rì í sí etí odò: "Ibi Ìṣúra Àwọn Ará Jámánì." Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa ibojì. Mo wọ ẹ̀wù àtàtà mi, mo lọ bá wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣí fáìlì níwájú mi.

"Bàbá, ìtàn náà wà nínú fáìlì."

"Èmi ni mo pa irọ́ náà."

"Fáìlì kò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ṣé fáìlì ni ó ṣe é ni, àbí èmi?"

"Ẹ lọ kọ lẹ́tà wá, kí ẹ mú ẹlẹ́rìí méjì."

Ẹlẹ́rìí méjì, sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀! Mo padà sílé. Bí fóònù ṣe dé, ó tún burú sí i. Ọmọ tí mo jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ á gbé e sí mi lójú: "Bàbá, ó wà níbí. Àpótí méje ni."

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí obìnrin kan wá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní Akósíwá ni òun, láti Moretan. Ó gbé ọkọ́ kan dání.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin ni ẹ mọ ibẹ̀. Kúàmí ni bàbá mi. Èmi ni ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà tí ó wá. Mo fẹ́ parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ti darúgbó. Ó ní bí wọ́n bá rí àpótí náà, òun á mọ̀ pé ọkọ òun kò kú lásán."

Mo ní kí ó dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀, kò yẹ kí ó kúnlẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ọkùnrin tí ó gbé ẹsẹ̀ lé ìkòkò, ìwé tí obìnrin yẹn ń kọ, ọwọ́ tí mo nà. Ó gbọ́ ọ láì mí. Nígbà tí mo parí, ó mi orí.

"Bàbá, ẹ kò fẹ́ kí n wà á ni."

Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́! Mo dìde, mo mú ọkọ́ tèmi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Ó dára. Jẹ́ kí a lọ wà á."

Kòtò Kúàmí ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí ó ya ti dí i dé ìdajì, koríko sì bò ó. A ti kó egungun àwọn baba wa lọ sin sórí ilẹ̀ gíga láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí a óò bàjẹ́. Mo ní kí a ṣe ẹnu rẹ̀ ní gbígbòòrò, kí ilẹ̀ má baà tún ya. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà á, èmi arúgbó àti òun. A kan ilẹ̀ pupa. A kan amọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọkọ́ rẹ̀ dún kanrin. Ó jù ú nù, ó fi ọwọ́ ha ilẹ̀ kíákíá, ó ń mí gúlegúle. Àpáta ni. Ó ha á láti igun dé igun. Àpáta náà lọ gbọọrọ wọ abẹ́ gẹ́gẹ́lé, kò ní òpin.

Ó jókòó lórí rẹ̀.

"Kí wá ni bàbá mi ń wá níbí?"

"Ohun tí mo sọ."

"Ohun tí ẹ sọ," ó ní. Ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ó gùn jáde, ó jókòó sí etí kòtò. "Ẹ dí i."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Kò ràn mí lọ́wọ́, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Mo ń wa iyẹ̀pẹ̀, mo ń sinmi, mo ń wà á. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lórí afárá, ìbéèrè kan náà ni: "Bàbá Kòfí, ṣé ẹ ti rí i?" Mo ń dáhùn pé kò sí, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́, ọlọ́kọ̀ sẹ́mí kan, ìyẹn àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò, dúró lójú ọ̀nà, ó pariwo: "Bàbá! Mélòó ni ẹ bá níbẹ̀? Ẹ fún wa ní tiwa o!"

Kí n tó la ẹnu, Akósíwá ti dìde.

"Kò sí nǹkan níbí," ó ní. "Mo ti wà á dé orí àpáta. Bàbá mi ni ó kú síbí."

Ọkùnrin náà wò ó. Ó wo kòtò, ó wo èmi tí mo fara ti ọkọ́. Ogójì ọdún ni mo fi pariwo ohun tí obìnrin yìí sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà pa ẹ́ńjìnnì alùpùpù rẹ̀, ó gbé e dúró, ó ṣí fìlà, ó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, ó sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń dí kòtò náà.